Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ọwọ́ Ta Ló Wà?

 Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n kọ nǹkan ránpẹ́ sínú ìwé yìí nípa ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣí. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí a ti ń yan orúkọ ìkànnì, bí a ti ń gba ilé fún un, àti bí ìnáwó rẹ̀ ṣe rí. Gbogbo rẹ̀ ni n ó fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí á dáhùn kí akápò tó yọ kọ́bọ̀: orúkọ ta ni a ó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ìkànnì náà? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìjọba nídìí fáìlì àti ìwé àkọsílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àìmọ ẹni tí ó ni nǹkan máa ń dá ìjà sílẹ̀ ju àìsí nǹkan náà lọ.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ ni ilé, ọ̀tọ̀ ni orúkọ, ọ̀tọ̀ sì ni ẹrù tí ó wà nínú ilé náà. Èyí ni ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Orúkọ ni ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí ó tó rí wa; òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní domain name, tí èmi yóò máa pè ní orúkọ ìkànnì. Ilé ni ààyè tí a háyà lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí kì í sùn, tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ìháyà yìí ni wọ́n ń pè ní hosting. Ẹrù ni àwọn ọ̀rọ̀, fọ́tò àti ìwé tí a bá kó síbẹ̀.

Sáfà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa há nọ́ńbà sórí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, inú fáìlì kan ṣoṣo ní ilé ìwádìí kan ní Kalifọ́níà ni wọ́n ń kọ gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà sí. Nígbà tí ó di ọdún 1983 tí orúkọ ti ń pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò tuntun kalẹ̀ tí ó pín ìwé orúkọ náà káàkiri. Ètò yẹn la ṣì ń lò. Bí àlejò bá wọ Birnin wa yìí láti Kofar Doka tí ó ń wá ẹnìkan, wọn yóò kọ́kọ́ júwe àdúgbò fún un, ará àdúgbò yóò júwe agboolé, ará agboolé yóò wá fi yàrá hàn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ka orúkọ ìkànnì láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: yóò bèèrè ẹni tí ń tọ́jú .ng, yóò bèèrè .org.ng, yóò wá bèèrè orúkọ wa, kí ó tó mọ sáfà tí yóò lọ.

Nítorí náà, bí onílé bá ń fìyà jẹ wá, a lè kó ẹrù wa lọ sí ilé mìíràn, kí a sì ní kí orúkọ máa júwe ibi tuntun. Ẹni tí ń wá wa kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé a ti kó. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá bọ́ lọ́wọ́ wa, ilé tí ó kún fún ẹrù kò wúlò mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ń ra orúkọ ìkànnì rà pátápátá. Ọdún dé ọdún ni a ń sanwó rẹ̀, bí owó ilẹ̀. Fún .com tàbí .org, ọdún mẹ́wàá ni ó pọ̀ jù tí ènìyàn lè san sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kéré. Kí wọ́n wo ti orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ .ng sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Ìyáàfin Ibukun Odusote, tí ó wà ní Yaba College of Technology ní Èkó nígbà náà, ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ará Amẹ́ríkà kan, Randy Bush, ni ó ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Oore ni àwọn méjèèjì ṣe wá, nítorí ní àkókò yẹn ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé orílẹ̀-èdè lè ní orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, a kò sì ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a lè fi tọ́jú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ, ó hàn gbangba pé ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà kò yẹ kí ó so mọ́ ènìyàn kan tàbí méjì. Ní ọdún 2004, ICANN, àjọ tí ń ṣètò orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, gbà kí .ng bọ́ sábẹ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní 2005, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn péjọ, wọ́n dá NiRA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí yóò máa tọ́jú orúkọ náà fún gbogbo wa. Ọdún 2009 ni .ng wá bọ́ sọ́wọ́ NiRA. Ẹ ka á wò: ọdún 14 ni ó gbà kí orúkọ Nàìjíríà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni dé ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ó ní òfin, ìgbìmọ̀ àti ìpàdé. Ìjọba àti ICANN ni ó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìjọba lẹ́yìn ńkọ́?

Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí ọ̀dọ́kùnrin kan láàrin wọn fi tọkàntọkàn ṣí ìkànnì fún. Ó lo ímeèlì ara rẹ̀, ó fi káàdì báńkì ara rẹ̀ sanwó, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Nígbà tí ó ṣe, ó ríṣẹ́ sí òkè òkun, ó yí ímeèlì padà, wàhálà ibẹ̀ sì gbà á lọ́kàn. Owó ọdún pé. Ìkìlọ̀ ń lọ sí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni yóò bá pàdé. Orúkọ yẹn sì ti wà lórí ìwé tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, lórí kàlẹ́ńdà, lára bánà, àti lórí ìwé ìkésíni tí wọ́n mú lọ fún àwọn ènìyàn pàtàkì. Àwọn àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ náà ta orúkọ àwọn. Kò ta nǹkan kan. Ẹlòmíràn ni ó rí orúkọ tí ó bọ́ sílẹ̀, tí ó mú un, òfin kò sì sọ pé kí ó má mú un.

Bí ó ṣe máa ń bọ́ nìyí. Fún orúkọ tí ó parí sí .com tàbí .org, òfin ICANN ni pé kí alágbàtà tí ó ta orúkọ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ní nǹkan bí oṣù kan kí ọjọ́ tó pé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó pé, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàrin ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ó bá ti pé. Bí a kò bá san, alágbàtà lè fún wa láyè tí kò ju ọjọ́ 45 lọ. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 30 wà tí a fi lè rà á padà pẹ̀lú owó ìtanràn, èyí tí ó máa ń ju owó ọdún lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ márùn-ún tí a kò lè ṣe nǹkan kan, orúkọ yóò sì di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn alágbàtà kan tilẹ̀ máa ń gbé orúkọ lọ sí gbàǹjo kí ọjọ́ wọ̀nyí tó pé. Ti .ng ní ìlànà tirẹ̀, kí á bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà kí á tó sanwó. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ìkìlọ̀ wọ̀nyí, inú ímeèlì tí a kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Kì í sì í ṣe àìrówó ni ó ń fà á. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1999, àwọn tí ń lo Hotmail kò rí lẹ́tà wọn ṣí, nítorí pé Microsoft, ilé-iṣẹ́ tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀, gbàgbé láti san owó orúkọ passport.com. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Tennessee ni ó fi káàdì tirẹ̀ bá wọn san dọ́là 35.

Kí ni kí á ṣe, nígbà náà? Nínú fọ́ọ̀mù tí a ó fi gba orúkọ, ibì kan wà fún orúkọ ènìyàn, ibì kan sì wà fún orúkọ àjọ. A kò gbọ́dọ̀ fi ti àjọ sílẹ̀ lófìfo. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni kí á kọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí ìwé ẹ̀rí CAC gan-an, láìyọ lẹ́tà kan. Kí á ṣí ímeèlì kan fún ẹgbẹ́ tí akọ̀wé àti akápò jọ lè wọlé sí. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ímeèlì yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó wà lórí orúkọ ìkànnì wa fúnra rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí orúkọ bá bọ́, ímeèlì náà yóò kú pẹ̀lú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yóò sì ti wà nínú ilé tí a tì mọ́ ara wa níta. Nọ́ńbà fóònù tí wọn yóò máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí, kí ó jẹ́ síìmù tí ẹgbẹ́ ń lò, kì í ṣe ti ọmọ ẹ̀gbọ́n alága. Kí owó sì jáde láti àpò ẹgbẹ́, kí a gba rìsíìtì tí ó ní orúkọ ẹgbẹ́.

Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni mo dábàá pé kí á san lẹ́ẹ̀kan. N kò fara mọ́ ti ọdún mẹ́wàá tí àwọn kan ń sọ. Ohun tí a kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni yóò ti kọjá lórí rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́. Bí lẹ́tà kan bá sì dé láti ibi tí a kò mọ̀, tí ó ní owó orúkọ wa ti pé, kí á má ṣe tètè sanwó, kí á kọ́kọ́ wo ìwé tiwa. Irú lẹ́tà ayédèrú bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀.

Ní ti orúkọ gan-an, ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀, nítorí ibí yìí ni èdè wa ti ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà, àti àmì ìsopọ̀ kékeré nìkan ni ètò orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀. Kò gba àlàfo, kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 63 lọ láàrin àmì ìdánudúró kan sí èkejì. Ọ̀nà wà láti kọ ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò sọ ọ́ di kóòdù gbọọrọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa kò sì rọrùn láti fi tẹ àmì. Nítorí náà, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ wa yóò wà. Ìlú Ọ̀wọ̀, owó, ọwọ́ àti òwò yóò di ọ̀kan náà: owo. Ẹgbẹ́ àti ègbé yóò di egbe. Ẹgbẹ́ wa kò ní di ègbé o, ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tí mo ń sọ. Ẹ tún wo ẹni tí ó fẹ́ kọ ọmọ Oòduà pọ̀: omooodua, pẹ̀lú o mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Ta ni yóò kọ ọ́ kí ó má ṣì í? Àwọn kan yóò kọ o méjì, àwọn mìíràn yóò kọ Oduduwa.

Ìdánwò tí mo ń lò ni pé kí n fi fóònù pe orúkọ náà fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kí n wá wo ohun tí ó kọ. Níbi tí a ń gbé yìí, Hausa ni aládùúgbò wa, Hausa ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí a ó máa bá ṣe pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, èdè Hausa kò sì ní gb. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè kọ Yorùbá dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kọ, yoruba àti zaria, wà nínú rẹ̀, kí orúkọ náà kúrú, kí ó má ní àmì ìsopọ̀. Bí a bá sì ti fohùn ṣọ̀kan, kí á gbà á lọ́jọ́ náà gan-an kí á tó kéde rẹ̀ níbi àríyá.

Ní ti ìparí orúkọ, .com.ng wà fún òwò, .org.ng fún ẹgbẹ́ bíi tiwa, .sch.ng fún ilé ìwé kékeré àti ti sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn ilé ìwé gíga ni ó ni .edu.ng, gẹ́gẹ́ bí Ahmadu Bello University tó wà ní Samaru ti ń lo abu.edu.ng. Ti ìjọba ni .gov.ng, ẹni tí ó bá ní òun yóò bá ẹgbẹ́ gbà á, ẹ sá fún un. Èmi yan .org.ng, nítorí náírà ni a fi ń san án. Owó tí àwọn alágbàtà fúnra wọn ń san lórí .com di dọ́là 10.26 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohun tí wọ́n ń san kò tó ₦5,000. Ní 2024 ó ti ju ₦15,000 lọ, bẹ́ẹ̀ owó dọ́là kan àti díẹ̀ péré ni ó fi lé e.

Àwọn kan yóò ní kí á gba ti ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ Freenom fi ń pín orúkọ tí ó parí sí .tk, .ml ti Mali àti .ga ti Gabon lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2023, ó dáwọ́ dúró, Gabon gba .ga rẹ̀ padà ní oṣù kẹfà, ti Mali náà sì padà sílé ní oṣù keje. Ọ̀kẹ́ àìmọye orúkọ tí ó parí sí .ga ni ó pa rẹ́. Ní 2024, Freenom ní òun ń fi òwò náà sílẹ̀. Ẹni tí ó ti tẹ orúkọ ọ̀fẹ́ sára ọkọ̀ àti pátákó, ta ni yóò ké sí?

Ilé kò le tó orúkọ. Ojú ìwé mélòó kan, fọ́tò ayẹyẹ, òfin ẹgbẹ́ àti ìwé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni a fẹ́ kó síbẹ̀. Ilé tí ó kéré jù lọ tí wọ́n ń háyà ti tó wa. Bí face-me-I-face-you ni ó rí: ayálégbé púpọ̀ lórí sáfà kan, bí ọ̀kan bá pariwo, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ ọ. Ìyẹn kò ní pa wá lára. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni bóyá ènìyàn ń gbé fóònù wọn, àti bóyá ìwé ẹ̀rí ààbò, èyí tí ń mú kí àmì àgádágodo yọ, wà nínú owó náà. Láti ìparí ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa lórí rẹ̀. Bóyá Èkó ni sáfà wà tàbí òkè òkun, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn mí. Lóòótọ́, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ó ṣòro fún wa láti dé ọ̀pọ̀ ibi tí ó wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n ìkànnì wa kì í ṣe báńkì.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ni ó kàn mí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà OVH kan ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Mílíọ̀nù ìkànnì ni kò ṣí mọ́. Àwọn kan tí wọ́n ní ẹ̀dà tilẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀, nítorí inú ọgbà kan náà ni ẹ̀dà wọn wà. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan máa da ìkànnì wa kọ sórí fúláàṣì méjì lóṣooṣù, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí èkejì wà ní ilé ẹlòmíràn tí kì í ṣe agboolé akọ̀wé.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ní WhatsApp àti Facebook ti tó. Wọ́n dára fún ìkíni àti ìkéde. Ṣùgbọ́n ojúde ẹlòmíràn ni. Yahoo ti GeoCities pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2009 pẹ̀lú gbogbo ìkànnì ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn ti kọ́ síbẹ̀. Ìjọba wa sì ti Twitter pa mọ́ wa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ìtàn àwọn bàbá wa tí wọ́n bá iṣẹ́ rélùwéè àti òwò wá sí Zaria, n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ojúde ẹlòmíràn ni a ó máa tẹ́ ẹ sí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ìkànnì náà, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Kí àwa àgbà tọ́jú ìwé rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí ń kúrò ní ọ́fíìsì kì í lọ láìkọ handing-over note. Irú rẹ̀ ni mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí á kọ fún ìkànnì yìí, ojú ìwé kan péré: orúkọ ìkànnì, alágbàtà tí ó ta á, onílé tí a háyà lọ́wọ́ rẹ̀, ímeèlì àti síìmù tí a lò, ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan yóò pé, àti ibi tí fúláàṣì méjèèjì wà. Kí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kí alága àti akápò fọwọ́ sí ojú rẹ̀, kí ó sì wà nínú àpótí tí ìwé ẹ̀rí CAC wà. Ọjọ́ tí a bá yan àwọn aláṣẹ tuntun, kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà lójú wọn. Ní ti ọjọ́ ìsanwó, kí akápò kọ ọ́ sínú ìwé owó ẹgbẹ́, lójú ìwé kan náà tí owó gbọ̀ngàn àti owó iná wà.